Oògùn Tí A Ń Jẹ Nígbà Tí Ara Le, àti Ohun Tí A Ń Retí Lọ́wọ́ Rẹ̀

Kò sí ẹ̀yà ènìyàn kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní oògùn tirẹ̀ tí í lò kí àrùn tó dé. Kí oníṣègùn òyìnbó kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń jẹ àjẹsára, tí wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n ń fi ońdè sí ọrùn ọmọdé, tí wọ́n sì ń so ìgbàdí mọ́ ìdí. Nítorí wọ́n mọ̀ pé òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyèsí irú ìrètí tí ó wà nínú ọkàn ẹni tí ó jẹ àjẹsára. Ẹni náà gbàgbọ́ pé ohun tí òun jẹ oògùn sí kò gbọdọ̀ ran òun rárá. Bí ó bá ràn án, á jẹ́ pé èròjà kan kù nínú oògùn náà, tàbí pé ẹni tí ó jẹ ẹ́ ti jẹ èèwọ̀ rẹ̀, tàbí pé adáhunṣe purọ́. Kò sí adáhunṣe kan tí yóò jókòó lórí ẹní rẹ̀ kí ó sì wí fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀ pé, "Àádọ́ta ènìyàn ni n óò se oògùn yìí fún, ọ̀kan nínú yín ni yóò gbà là, àwọn mọ́kàndínláàádọ́ta yòókù yóò kàn jẹ ẹ́ lásán ni, n kò sì mọ ẹni tí ọ̀kan náà í ṣe." Àwọn ènìyàn yóò fi í rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì gba owó wọn padà.

Síbẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣègùn ayé òde òní ti rí pé ó jẹ́ òtítọ́ nípa púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ le pé kí ó máa jẹ lójoojúmọ́. Bí wọ́n ti ṣe rí i, àti bí àwọn tí ń jẹ oògùn náà ti gbà á sí, ni mo fẹ́ tọ ipa rẹ̀ níhìn-ín. Ìtàn náà gùn, ó sì la òkun kọjá. Ṣùgbọ́n ojú odò wa ni ó dára jù láti ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀ tí ọ̀ràn náà ṣe ojú rẹ̀.

Ní ọdún 1841 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ irin eléèéfín mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, sí Odò Ọya, láti bá àwọn ọba etí odò dá májẹ̀mú kí òwò ẹrú lè tán, kí òwò rere sì rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni Samuel Àjàyí Crowther bá lọ, ọmọ Òṣogùn tí a ti kó lẹ́rú rí, tí ó sì ti di olùkọ́ ní Sàró, òun àti àlùfáà J. F. Schön. Ní ìgbà náà àwọn oníṣègùn gbà pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú ẹrẹ̀ àti àbàtà ni í dá ibà sí ènìyàn lára. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan sínú àwọn ọkọ̀ náà, èyí tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ gba inú àpótí oògùn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sùn nísàlẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni ẹni tí ó ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ sì wuni lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í bá inú àpótí kọjá, ọ̀nà tirẹ̀ ni ó ń gbà wọlé.

Ní oṣù August ni wọ́n wọ odò. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù September ni ibà bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi di pé kí wọ́n máa dá àwọn ọkọ̀ padà sí ojú òkun pẹ̀lú ẹrù aláìsàn. Nínú òyìnbó 145, àwọn 130 ni ibà dá dùbúlẹ̀, àwọn tí ó sì kú tó 40. Nínú ènìyàn dúdú 158 tí ó bá wọn lọ, 11 péré ni ibà mú, kò sì pa ẹnì kan nínú wọn. Àwọn 11 náà sì jẹ́ àwọn tí ó ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún díẹ̀. Ẹ̀yin olùkàwé mi, mo bẹ̀ yín kí ẹ fi iye wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí ọ̀nà ni wọn yóò fi hàn wá níwájú. Odò kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì sùn; ṣùgbọ́n ewu tí ó wà lórí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe ewu tí ó wà lórí ọmọ ilẹ̀ wa tí ibà ti ń bá jà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń pọ̀n ọ́n, tí ara rẹ̀ sì ti kọ́ bí a ti ń bá a jà.

Kì í ṣe pé oògùn ibà kò sí nígbà náà. Èèpo igi kan tí ń hù ní àwọn òkè ilẹ̀ Peru ni àwọn òyìnbó ti ń lò fún ibà fún nǹkan bí igba ọdún, àwọn ọmọ Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, sì ti fa ohun kíkorò tí ń bẹ nínú rẹ̀ jáde ní ọdún 1820, èyí ni kíníìnì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ibà bá ti mú ni wọ́n ń fún. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn inú ọkọ̀ 1841 náà, T. R. H. Thomson, ni ó dán an wò lára ara rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn: ó ń jẹ ẹ́ nígbà tí ohunkóhun kò ṣe é. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1846. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Alexander Bryson, oníṣègùn àwọn ọmọ ogun ojú omi, kọ ìwé kan tí ó fi gba ìjọba níyànjú pé kí àwọn atukọ̀ tí ń lọ sí etí òkun wa máa jẹ kíníìnì kí ibà tó dé.

Ní ọdún 1854 ọkọ̀ mìíràn, Pleiad, gòkè Odò Ọya, ó sì yà sí Bẹ́núè. John Beecroft, ẹni tí ìbá ṣe olórí rẹ̀, ti kú ní Fernando Po kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà oníṣègùn kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, William Balfour Baikie, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó gba ipò náà. Baikie mú kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa mu kíníìnì tí a pò mọ́ wáìnì. Òyìnbó 12 ni wọ́n, wọ́n sì lo ọjọ́ 118 nínú odò. Kò sí ẹnì kan tí ó kú. Crowther tún wà nínú ọkọ̀ yìí, ó ti di àlùfáà nígbà náà, ìwé ìrántí tí ó kọ nípa ìrìn-àjò náà sì jáde ní ọdún 1855. Ẹni tí ó ti rí odò ní 1841, tí ó ti rí bí a ti ń sin òkú, tí ó sì tún wà níbẹ̀ ní 1854, kò ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ohun kan ti yí padà.

Lójú tèmi, irin-àjò Pleiad ṣe oore ńlá, ó sì tún kọ́ ènìyàn ní ìrètí kan tí kò rọrùn láti mú kúrò lọ́kàn. Ó ṣe oore, nítorí láti ìgbà náà ni kò ti sí iyèméjì mọ́ pé ènìyàn lè jẹ oògùn lónìí nítorí àrùn ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí lójú ẹni tí ń mu ọtí kíkorò yẹn. Ó ti gbọ́ pé ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí ó ṣáájú òun lọ ni ó ti bá a lọ. Ó wá rí i pé gbogbo wọn ni ó padà délé. Nítorí náà, bí ó ti ń mu ún, ó lè wí pé, "Èyí ni ó gbà mí là," bí ó bá sì ṣe àṣìwí, kì yóò jìnnà sí òótọ́. Irú àǹfààní tí a ń fojú rí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi. (Ó yẹ kí n fi kún un pé ènìyàn 12 kò pọ̀ láti fi ṣe ẹ̀rí, àti pé àwọn ènìyàn dúdú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ náà, tí òyìnbó kò fi ní láti ṣe iṣẹ́ àṣekú nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ayé kò dúró gbọ́ èyí.) Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń wo gbogbo oògùn ìdènà pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi wo kíníìnì Baikie.

Kíníìnì fúnra rẹ̀ kò lè gbé ìrètí náà fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń pa kòkòrò ibà tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kì í lé ẹ̀fọn, kì í sì í pa kòkòrò tí ó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹni tí ó bá dá a dúró lónìí lè dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ó sì wí pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ó korò, ó sì ń mú kí etí máa hó. Nígbà tí Sir William MacGregor, ẹni tí í ṣe oníṣègùn kí ó tó di gómìnà, wà ní Èkó láti 1899 títí dé 1904, Ronald Ross ti fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1897 pé ẹ̀fọn ni í gbé kòkòrò ibà kiri. MacGregor bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi àbàtà gbẹ, ó sì ń rọ àwọn ènìyàn, òyìnbó àti dúdú, pé kí wọ́n máa lo kíníìnì. Ṣùgbọ́n òyìnbó púpọ̀ ni ó ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá rántí, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá sú u. Láàrin irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àrùn kan ti ń jà, tí ìtọ̀ ènìyàn yóò dúdú bí aró, tí yóò sì pa púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá mú. Àwọn kan ní ibà ni ó fà á, àwọn kan ní kíníìnì gan-an ni. Ìjà náà pẹ́ láàrin àwọn oníṣègùn. Nígbà tí oògùn mìíràn rọ́pò kíníìnì, àrùn náà di ohun tí a kì í sábà rí mọ́.

Àwọn ará Èkó ńkọ́? A máa ń kà nínú ìwé àwọn òyìnbó ìgbà náà pé ọmọ ilẹ̀ wa kò fẹ́ kíníìnì nítorí àìmọ̀. N kò gbà pé àìmọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ti dàgbà sínú ibà, tí ibà kì í ṣe ju orí fífọ́ ọjọ́ méjì lọ fún un, tí a wá ní kí ó máa mu ohun kíkorò lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ kí orí fífọ́ náà má baà wá, bí ó bá kọ̀ ọ́, ìṣirò ni ó ṣe. Òun ni ọmọ àwọn 158 inú ọkọ̀ 1841. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ọ̀ràn náà ti yàtọ̀, nítorí àwọn ni ibà ń pa, ara wọn kò sì tíì kọ́ ìjà. Oògùn kan náà ni, ilé kan náà ni. Síbẹ̀ ohun tí ó tọ́ kí baba retí lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó tọ́ kí ọmọ retí.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn oògùn tí ó rọrùn láti gbé mì dé. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960 ni Daraprim wọ ilẹ̀ wa, oògùn tí kò korò, tí a ń jẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní oògùn Sọ́ńdè-Sọ́ńdè. Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Ìwé ìlò rẹ̀ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí ìyá tí yóò gbàgbé ọjọ́ tí ó yẹ kí ó fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àwọn kòkòrò ibà kọ́ bí a ti ń yè é, tí oògùn náà kò sì ní agbára tí ó ní tẹ́lẹ̀ mọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrètí àtijọ́. Paludrine, èyí tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà, rí àyè mìíràn: a fi í fún àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ibà lè pa kíákíá, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ewu pọ̀, nítorí náà ìrètí ìyá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Títí dé ìhín yìí, àrùn tí a mọ̀, tí a rí, tí a sì ń bẹ̀rù ni a ń jẹ oògùn sí. Ní àádọ́rin ọdún tí ó kọjá ni ohun titun dé: oògùn fún ẹni tí kò ní ibà, tí kò ní ìrora, tí ó ń lọ sí oko tí ó sì ń bọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní apá tí wọ́n sì rí i pé ó ń ru. Èdè wa kò tilẹ̀ ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. A kò lè pè é ní aláìsàn, nítorí kò sí ibi tí ó ń dùn ún. A kò sì lè wí pé ara rẹ̀ le pátápátá. Iye wọn kò sì kéré láàrin wa. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkugbé, ọmọ Oǹdó, darí, gbé ìwé jáde ní ọdún 1997 lórí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n ṣírò pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru lé ní mílíọ̀nù 4, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n lò sì ga ju èyí tí à ń lò lónìí lọ.

Báwo ni a ti ṣe mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wúlò? Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tí ó dá ọ̀rọ̀ náà lójú. Wọ́n mú ọkùnrin 143, tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ ogun rí, tí ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ń ru púpọ̀púpọ̀. Wọ́n fún àwọn 73 ní oògùn tòótọ́, wọ́n sì fún àwọn 70 ní ohun tí ó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní agbára nínú, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń jẹ. Kò tó ọdún méjì, bí a bá pín in dọ́gba, tí ohun burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí 27 nínú àwọn tí kò jẹ oògùn tòótọ́, bíi rọpárọsẹ̀, ìdákú ọkàn àti ojú fífọ́. Nínú àwọn tí ó jẹ ẹ́, 2 péré ni. Ọdún 1967 ni wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde, mo sì lè wí pé ọkọ̀ Pleiad ni ó tún gòkè odò: àǹfààní tí a lè fi ojú rí ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá béèrè nípa àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kàn ń ru díẹ̀. Ènìyàn 17,354 ni wọ́n kó jọ, ọkùnrin àti obìnrin láti ẹni ọdún 35 dé 64, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ti ìṣáájú. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán ní ọdún 1985, rọpárọsẹ̀ ti kọlu 109 nínú àwọn tí kò jẹ oògùn tòótọ́, ó sì ti kọlu 60 nínú àwọn tí ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá yára kà á yóò wí pé oògùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dín àrùn náà kù dé ìdajì, òótọ́ ni yóò sì wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe ìdánwò náà kọ ohun kan sí i tí ó jẹ́ ìyanu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: pé ènìyàn bí 850 ni yóò jẹ oògùn fún ọdún kan kí rọpárọsẹ̀ kan ṣoṣo tó yẹ̀. Àwọn tí ó kú, nípa gbogbo ohun tí í pa ènìyàn, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìhà méjèèjì: 248 àti 253. Oògùn náà sì ní owó orí tirẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n lò sọ agbára ọkùnrin di aláìlágbára lára àwọn kan, òmíràn sì mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù. Lódodo, ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ní àǹfààní ju ẹni tí ó jẹ ẹ́ fún ọdún kan, àgbàlagbà sì ní i ju ọ̀dọ́ lọ. Síbẹ̀ 850 kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni ti retí.

Oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, Geoffrey Rose, ti rí ìṣòro yìí kí ìdánwò náà tó parí. Ó wí ní ọdún 1981 pé ohun tí ó ṣe ìlú ní oore púpọ̀ lè má ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìlú ní oore tí ó tó nǹkan. Ó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí àrùn ọ̀fun kan ṣe àpẹẹrẹ: ọmọ bí 600 ni wọ́n ní láti gún kí ọmọ kan ṣoṣo tó yè. Fún ìlú tí ó ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ, èrè ńlá ni. Ìyá tí ó gbé ọmọ kan lọ́wọ́ kò rí ọ̀kẹ́ àìmọye.

Ọ̀nà méjì sì ni a lè gbà sọ èrè kan náà, èyí sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, ní ọdún 1995, ìròyìn ìdánwò mìíràn jáde. Ọkùnrin 6,595 ni wọ́n lò, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò tíì dá wọn lágara rí. Bí ọdún márùn-ún ti ń parí lọ, nínú 100 tí kò jẹ oògùn tòótọ́, bí 8 ni àrùn ọkàn kọlù tàbí tí ó pa. Nínú 100 tí ó jẹ ẹ́, ó lé díẹ̀ ní 5. Ẹni tí ń ta oògùn lè wí pé, "Ó dín ewu kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún." Ẹlòmíràn lè wí pé, "Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí yóò jẹ ẹ́ fún ọdún márùn-ún, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni yóò yọ." Irọ́ kò sí nínú èkíní, kò sí nínú èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè èwo ni yóò mú kí ènìyàn na ọwọ́ gba oògùn.

Ní ọdún 2002 ni àwọn oníṣègùn kan ní Darlington, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ohun tí ìbá ti yẹ kí a ṣe tipẹ́: wọ́n bi àwọn ènìyàn fúnra wọn léèrè. Ènìyàn 307 ni wọ́n bi. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn nítorí àrùn ọkàn, àwọn kan ń jẹ oògùn ìdènà, àwọn kan kò ní àrùn ọkàn rí. Ìbéèrè náà ni pé, báwo ni èrè oògùn gbọdọ̀ ti tó kí o tó gbà láti máa jẹ ẹ́ fún ọdún márùn-ún? Ìdáhùn tí ó wà ní àárín ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bá jẹ ẹ́, ó kéré tán kí 20 jèrè; àwọn tí ọkàn wọn kò dá lágara rí ní 30. Nínú gbogbo wọn, ẹni 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbà láti jẹ oògùn tí èrè rẹ̀ kò ju 5 lọ. Ẹ fi èyí wé ìròyìn Scotland, tí èrè rẹ̀ kò tó 3. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé oògùn mì lóròòwúrọ̀ tí wọn kì bá tí gbé mì bí a bá ti ka iye náà sí wọn létí. Ó sì lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ní àwọn fẹ́ kí a sọ iye náà fún àwọn kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kí a má sọ ọ́, kí àwọn ènìyàn má baà da oògùn nù. N kò gbà. Ní ilé ìwòsàn tiwa, àìsọ rẹ̀ ni ó ń mú kí wọ́n dà á nù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí níbi tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ yóò ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbà kan yóò béèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni n óò jẹ oògùn yìí tán?" Dókítà yóò dáhùn pé, "Bàbá, kì í tán o. Ẹ óò máa jẹ ẹ́ lọ ni." Bàbá náà yóò mi orí, yóò sì lọ. Lójú rẹ̀, oògùn a máa lé àìsàn jáde kí a sì fi í sílẹ̀. Èyí tí kò ní òpin, á jẹ́ pé kò lè ṣẹ́gun. Nígbà tí ó bá jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́, yóò dá a dúró kí ó lè fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Èyí tí ó tún burú ni ti ẹni tí a ti ṣèlérí fún pé bí ó bá ti ń jẹ ẹ́, rọpárọsẹ̀ kò lè kọlù ú, tí ó sì kọlù ú. Ọ̀rọ̀ ẹni náà yóò dé gbogbo àdúgbò, ogún ilé yóò sì da oògùn wọn sínú ààtàn. Wọ́n fi ojú àjẹsára wò ó, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé irú rẹ̀ kọ́.

Ohun tí mú kí ọ̀ràn náà wúwo níhìn-ín ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ wa kì í wá títí ẹ̀jẹ̀ wọn yóò fi ru gidigidi. Wọn kò jọ àwọn 17,354 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n súnmọ́ àwọn ọkùnrin 143 ti Amẹ́ríkà, àwọn tí oògùn náà yọ nínú ewu ńlá. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ iye fún wọn lódodo kì yóò lé wọn sá. Iye tí ó pọ̀ ni yóò sọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru díẹ̀ ni a óò sọ iye kékeré fún, òun náà sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ìwé kan wà tí a ya àwòrán 100 sí, tí oníṣègùn lè fi han ẹni tí a fẹ́ fún ní oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi àwọ̀ kan kun àwọn tí àrùn kì yóò kọlù bí wọn kò tilẹ̀ jẹ oògùn, wọ́n fi àwọ̀ mìíràn kun àwọn tí yóò kọlù bí wọ́n tilẹ̀ jẹ ẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀kẹta kun àwọn díẹ̀ tí oògùn yóò yọ. A lè fi ọgọ́rùn-ún hóró àgbàdo ṣe irú rẹ̀ lórí tábìlì èyíkéyìí ní ilẹ̀ Yorùbá, láìsí ìwé, láìsí owó. Kí oníṣègùn kà wọ́n sílẹ̀ níwájú Bàbá, kí ó ya àwọn tí oògùn yóò yọ sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ Bàbá náà ti ru tó, kí ó sì sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ lé hóró kan kí ó wí pé, "Èyí ni tìrẹ." Lẹ́yìn náà kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí Bàbá lè tún wọn kà fúnra rẹ̀.